Ọba Tí A Ń Lé

"Màmá, ọba yìí kò rìnrìn àjò kankan o. Àwa là ń lé e."

Ọmọbìnrin mi ló sọ bẹ́ẹ̀, lọ́sàn-án Sátidé kan, nínú pálọ̀ wa ní Biétry, ní Abidjan. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà mi, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sì fẹ̀yìn tì í. Èmi wà lórí àga lẹ́yìn wọn, mo ń bó ọsàn. Mo ní kó tún un kà dáadáa. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí bí ẹni pé ara mi kò yá, ó wá ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Faransé tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà: «Le roi s'enfuit. Rattrapez-le.» Ọba ń sá lọ. Ẹ lé e bá.

Mo gbé ọsàn náà sílẹ̀, mo sì lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tó kà náà ló wà níbẹ̀.

Eré ogun orí kọ̀ǹpútà ni, ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù nígbà tí a wà lọ́mọdé. Apá púpọ̀ ni wọ́n ṣe é sí, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì. Kò dà bí ayò tí èèyàn ń dúró kí ẹnì kejì ta tirẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o ṣe ń rán àwọn kan lọ gé igi, ni o ń rán àwọn mìíràn lọ dáko, ni o ń mọ odi, ni o ń kó ọmọ ogun jọ, kí ọ̀tá tó dé. Bí o bá dìde lọ mu omi lásán, o lè padà wá bá ìlú rẹ nínú iná.

Wọ́n ti tún un ṣe báyìí, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì ti ń sọ Faransé. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ló fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ nígbà tí à ń jẹun ọ̀sán. Mo kígbe débi pé ọ̀gá wa yọjú láti yàrá rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo ti rà á. Ìdí ni pé ìtàn inú eré yẹn ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Òun ni mo ń sọ fún wọn bí wọn kò bá fẹ́ jẹun, òun ni mo ń sọ bí iná bá lọ. Ọba arúgbó kan wà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, aṣọ rẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Ó rìnrìn àjò lọ sí ẹsẹ̀ òkè. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló fi ṣọ́ ìlú. Àwọn ẹlẹ́ṣin sin ọba dé etí odò, wọ́n sì padà wá bá ọmọ náà ṣọ́ ìlú, kí ìlú má baà bàjẹ́ kí ọba tó dé.

Èmi kọ́ ni mo dá ìtàn náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló sọ ọ́ fún mi.

Àwa méjì náà ni ìyá wa bí. Òun, ìyá bàbá wa ló tọ́ ọ ní Ìgbòho kí wọ́n tó mú un wá sí Abidjan, nítorí náà ó ti lọ sí ilé ìwé ní Nàìjíríà, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi, Abidjan ni wọ́n bí mi sí. Faransé ni mo lè kà, Yorùbá ni mò ń gbọ́ nílé, àwọn aládùúgbò sì ń pè wá ní Anàgó. Bàbá wa ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Adjamé, òun àti àbúrò rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, bàbá wa lọ kó ọjà ní Nàìjíríà bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyá wa náà di ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní ara bàbá wa kò yá díẹ̀, pé ìyá ń lọ tọ́jú rẹ̀. Ilé ìwé ti gba ìsinmi, òjò ń rọ̀. Wọ́n kó èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ibi tí àwọn gbàkà, ọkọ̀ akérò ìlú náà, ti ń kó èrò, tí àwọn tó ń pe èrò kì í sì í jẹ́ kí etí èèyàn sinmi láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Nínú yàrá tó ń kó ọjà sí, láàárín àwọn páálí ìkòkò, kọ̀ǹpútà kan wà níbẹ̀, àlòkù tó ti òkè òkun wá, irú èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní «France au revoir». Ẹnì kan ló bá wọn mú àwo eré náà wá láti Ìbàdàn. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Bí abala kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ohùn ọkùnrin kan á máa sọ̀rọ̀, àwòrán á máa yí. Ẹ̀gbọ́n mi á na ọwọ́ sókè kí n dákẹ́. Á tẹ́tí. Bí ọkùnrin náà bá ti parí, mo máa ń fa aṣọ rẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ọba ń rìnrìn àjò. Ó ní kí àwọn ẹlẹ́ṣin wa sìn ín dé odò."

"Ṣé ó máa pẹ́?"

"Ó lè pẹ́ díẹ̀."

Mo tẹ gbogbo ẹlẹ́ṣin tí a ní. Wọ́n sá tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ọba jáde lẹ́nu ibodè, eruku ń sọ, èmi sì ń juwọ́ sí i. Mo ń juwọ́ sí ọba lójú kọ̀ǹpútà, mo ń pariwo pé, "Ó dàbọ̀ o!" Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ náà la odò já, ó wọ inú igbó, a kò sì rí i mọ́.

Ní abala kan, a bá ìlú kan jà tó ta àsíá búlúù, bíi ti ọba gan-an. Mo bi í pé kí ló dé tí àwọn yìí fi ní àsíá ọba. Ó ronú díẹ̀, ó ní olè ni wọ́n, wọ́n jí i ni. Mo gbà. Ní ìparí abala kọ̀ọ̀kan, mo máa ń béèrè bóyá ọba ti ń bọ̀. "Ó ń rí wa," ni ìdáhùn rẹ̀. Nígbà tí a wá dé abala tó kẹ́yìn, tí ọkùnrin inú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ débi kan, ó sì fa wáyà yọ lára ògiri. Ó ní àwo ti bàjẹ́, pé ibẹ̀ ló parí sí. Mo sunkún títí ó fi lọ ra alókò, dòdò àwọn ará Abidjan, fún mi, ó sì fún mi ní tirẹ̀ náà jẹ.

Ìgbà tí ilé ìwé ti wọlé ni ìyá wa dé láti Ìgbòho. Ó pe àwa méjèèjì jókòó, ó sì sọ fún wa pé bàbá wa ti kú. Mo gbà pé ìyá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, pé ó fún un lómi mu, pé ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo tò ó bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi, bí ọmọdé ṣe ń to nǹkan, mo sì dàgbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí pálọ̀ wa ní Biétry. Nígbà tó yá, eré náà sú àwọn ọmọ, wọ́n jáde lọ bá àwọn ẹgbẹ́ wọn. Èmi kò lè dìde. Mo bọ́ sí ibi tí ọmọbìnrin mi jókòó sí, mo bẹ̀rẹ̀ eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gágun ọlọ̀tẹ̀ ni wá. Àwa la dìtẹ̀ mọ́ ọba. Àwọn ẹlẹ́ṣin tí mo juwọ́ pẹ̀lú wọn, wọ́n ń lé arúgbó yẹn kí wọ́n lè gé orí rẹ̀ ni. Ìlú alásìíá búlúù tí mo dáná sun, tí mo ń patẹ́wọ́, àwọn tó kù tí wọ́n ṣì fẹ́ràn ọba ló wà níbẹ̀. Mo wá ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ìlú. Mo wá a ní abala dé abala. Kò sí ọmọbìnrin kankan nínú eré náà.

Ọkọ mi wọlé, ó rí ojú mi, ó bi mí pé ta ló pè, kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan. Ó wò mí, ó wo kọ̀ǹpútà, ó lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo dé abala tó kẹ́yìn, èyí tí n kò fojú kàn rí. Wọ́n ti rí ọba. Ó wà ní ẹsẹ̀ òkè lóòótọ́, nínú ilé òkúta kékeré kan, pẹ̀lú ìwọ̀nba àwọn tó kù lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn Faransé náà sì sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀: ọba kò gbọdọ̀ yè é.

Mo kọ́kọ́ rò pé Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀gbọ́n mi ni kò tó nígbà náà, pé ó ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo dúró sí yìí gan-an ló ti fa wáyà yọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè kò lè mọ ibi tó yẹ kó fà á yọ. Ó gbọ́ ọ, láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

Mo pè é.

"Bọ̀dá, ẹ kúurọ̀lẹ́ o."

"Kúurọ̀lẹ́. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Bọ̀dá, ẹ rántí eré kọ̀ǹpútà yẹn, ti yàrá ọjà Bàbá Kékeré?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó ṣì wà láyé?"

"Ó ti ń sọ Faransé báyìí. Mo ti kà á tán. Ọba yẹn kò rìnrìn àjò."

Ẹ̀rín náà dá. Mo gbọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn kan. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ìyá wà nítòsí," ó ní. "Wá lọ́la."

Attécoubé ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ní ibi tí òkè ti dà sílẹ̀ lọ bá ọ̀sà, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ìyá wa. Ẹ̀yà ara alùpùpù ló ń tà. Ewú ti yọ lórí rẹ̀. Ó ti gbé àga méjì síta dè mí. Ìyá wa ń sinmi nínú ilé, ìyàwó rẹ̀ ń dáná lẹ́yìn. N kò tilẹ̀ mu omi tó gbé fún mi.

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, àbí ẹ kò gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi yí gbogbo ẹ̀?"

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Ìgbà wo lo rò pé bàbá kú?"

"Nígbà tí ìyá wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ilé ìwé fẹ́ wọlé."

Ó mi orí. "Bàbá ti kú kí ìyá tó di ẹrù. Opó ni ìyá lọ ṣe."

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Ojú mi ríran, etí mi ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé wọ́n fa ilẹ̀ abẹ́ àga mi yọ. Mo ń rántí ìsinmi náà, ohun kọ̀ọ̀kan ń yí padà bí mo ti ń rántí rẹ̀. Mo ti sọ fún gbogbo ọmọ àdúgbò pé bàbá mi ń bọ̀, pé bàtà pupa ló ń rà bọ̀ fún mi. Mo ti ń dárúkọ bàtà náà níwájú ìyàwó Bàbá Kékeré lójoojúmọ́, obìnrin náà a sì dìde, a ní òun ń lọ wo ìkòkò lórí iná. Mo rò pé obìnrin tó fẹ́ràn oúnjẹ sísè ni. Gbogbo ilé náà ló mọ̀. Òkú ni mò ń retí bàtà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ni mo gbé fóònù."

Ó ní òun nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bàbá Kékeré ti lọ kírun. Fóònù dún, ẹnì kan láti Ìgbòho ni. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki nígbà náà, ó sì máa ń fi dá àṣà, á máa sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. "Mo fi ohùn àgbà dá a lóhùn," ó ní. "Ó rò pé Bàbá Kékeré ni mí. Kò ké e kúrú, kò rọra. Ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún ọkùnrin ẹgbẹ́ ẹni."

Nígbà tí Bàbá Kékeré dé láti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbọ́n mi ló sọ fún un. Bàbá Kékeré jókòó sórí páálí kan. Ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi má sọ fún mi, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"O ń bi mí lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni bàbá máa dé," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ọjọ́ tí a tan kọ̀ǹpútà yẹn, ọkùnrin inú ẹ̀ ní ká lé arúgbó kan kúrò nílé ẹ̀, ká pa á. Ìwọ wo àwòrán ọba, o ní, 'Irùngbọ̀n ẹ̀ jọ ti bàbá.' Kí ni ǹ bá wí fún ọ?"

N kò rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ̀wé yìí, n kò rántí rẹ̀.

"Nígbà tó yá," ó ní, "èmi alára ń retí ọba yẹn."

Aṣọ ẹnu ọ̀nà mì lẹ́yìn wa. Ìyá wa dúró níbẹ̀, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. A kò mọ ìgbà tó ti jí.

"Ìwọ lo gbé fóònù?"

Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde bí ọmọ iléèwé. Ìyá wa kò wo èmi rárá. Ó ní ohun tí Bàbá Kékeré sọ fún òun ni pé Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ni wọ́n pè. Ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn títí Bàbá Kékeré náà fi kú. Ó bọ́ sí orí àga tí ẹ̀gbọ́n mi dìde kúrò lórí rẹ̀.

"Nígbà tí mo dé láti ìdí opó," ó ní, "mo sọ fún ẹ̀yin méjèèjì. Èyí sunkún, ó yí nílẹ̀. Ìwọ kàn ń wò mí. Omi kan kò bọ́ lójú ẹ. Mo ní irú ọmọ wo rèé, bàbá ẹ̀ kú, kò mira. Mo sọ ọ́ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi, mo ní àkọ́bí mi kò láàánú lójú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wò ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ pé ìyá wa kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹ̀gbọ́n mi ṣeré. Mo rò pé nítorí pé ọkùnrin ni, tàbí nítorí pé Ìgbòho ló ti dàgbà. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá gbá a létí, kò lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti bọ́ obìnrin yìí, ó ti tọ́jú rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì mọ ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí fún ọ gan-an?" ni ìyá wa béèrè. "Lórí fóònù."

"Wọ́n ní kí n mú ọkàn le. Wọ́n rò pé Bàbá Kékeré ni mí, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ti lọ, pé wọ́n kírun Àsùbá tán ni, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn ti sin ín."

"Kí lo wá wí?"

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

"O dúpẹ́?"

"Mo rò pé bí àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn, Ìyá."

Ìyá wa na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ìyá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Oríkì tó ń kì í yẹn, n kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ní in. N kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Ẹkún tó bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹkún àgbàlagbà.

Ìyàwó rẹ̀ sá jáde láti ẹ̀yìn, ṣíbí ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, ó rí omi lójú mi, ó rí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń ki oríkì. Ojú rẹ̀ dà.

"Ẹ gbà mí o. Ta ló kú?"

Ìyá wa ló dá a lóhùn, láìgbé ojú sókè.

"Bàbá ọkọ ẹ ni."

Ìyàwó náà kò mọ bàbá wa rí. Bàbá wa ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó fẹ́ra wọn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò béèrè ọ̀rọ̀. Kò béèrè. Ó gbé ṣíbí náà sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o," ó ní. "Ọlọ́run á foríjì wọ́n."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó kí i bẹ́ẹ̀ rí.